Ọmọ Ń Wò Wá: Ohun Tí Olùkọ́ Ń Ṣe Lágbára Ju Ohun Tí Ó Ń Sọ Lọ

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n tọrọ àforíjì díẹ̀. Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé láti CI títí dé Terminale, Faransé náà ni mo sì fi ń kọ mémoire mi lọ́wọ́lọ́wọ́. Nítorí náà, bí àmì ohùn bá ṣì níbì kan, tàbí bí gbólóhùn mi bá ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà oníbàtà, ẹ bá mi tún un ṣe, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ọ̀rọ̀ tí mo ní láti sọ lónìí, Yorùbá ló yẹ kí n fi sọ ọ́, nítorí pé ó kan bí èdè yìí ṣe ń gbẹ lẹ́nu ọmọ nínú kíláàsì, ó sì kan ipa tí àwa fúnra wa ń kó níbẹ̀.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo lọ sílé ní Kétu. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, mò ń to àwọn ọ̀rọ̀ tí mo gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà fún mémoire mi. Àwọn ọmọdé ń ṣeré lábẹ́ igi máńgòrò. Eré ilé-ìwé ni wọ́n ń ṣe. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí ó wà ní CE1, ni olùkọ́ wọn. Ó ró ìró ìyá rẹ̀ kí ó lè dàbí àgbà, ó mú ẹ̀ka igi lọ́wọ́, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú àwọn ọmọ mẹ́fà tí wọ́n jókòó sílẹ̀. Ó ń fi igi lu ògiri, ó ń pariwo « Silence ! », « Croisez les bras ! » Yóò wúkọ́ díẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Yóò sì tẹ orí wálẹ̀ wo àwọn ọmọ bí ẹni tó wọ awò ojú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí awò kankan lójú rẹ̀. Mo mọ olùkọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, ẹ ó rò pé wọ́n sọ obìnrin ọ̀hún di kékeré ni.

Nígbà tó yá, ọmọkùnrin kan tí kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ dìde, ó fi Yorùbá sọ pé òun fẹ́ lọ tọ̀. Kíá, olùkọ́ kékeré wa mú ìdérí agolo mílíìkì kan tí wọ́n ti fi okùn sí, ó fi kọ́ ọ lọ́rùn. Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo pè é sọ́dọ̀. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ kí ó máa fi nǹkan kọ́ ọmọ lọ́rùn. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun. Mo ní, ṣé wọ́n ti fi kọ́ ìwọ náà lọ́rùn rí ni? Ó ní rárá, òun kì í jẹ́ kí ọwọ́ tẹ òun, àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń fi kọ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á níyànjú: kò dára, Yorùbá ni èdè wa, kò sí ohun ìtìjú nínú rẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Tonton, ẹ̀yin náà kì í sọ ọ́ bí àwọn ọ̀rẹ́ yín bá wá láti Kalaví."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò rí nǹkan kan fi dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí, mo sì padà sínú àwọn ìwé tí a máa ń kà nítorí ìdánwò, tí a sì ń gbàgbé lọ́jọ́ kejì. Ọ̀kan nínú wọn ni ti Albert Bandura, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tí wọ́n bí ní ọdún 1925, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe olùkọ́ ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, tó sì kú ní ọdún 2021. Ní ọdún 1961, òun pẹ̀lú Dorothea Ross àti Sheila Ross tẹ ìròyìn ìdánwò kan jáde tí gbogbo ẹni tó ń kọ́ nípa ìmọ̀ ìrònú ẹ̀dá mọ̀. Wọ́n kó ọmọ 72 jọ, ọkùnrin 36, obìnrin 36, láti ọmọ ọdún mẹ́ta sí nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọ́n mú 24 nínú wọn kí wọ́n wo àgbàlagbà kan tó ń lu ọmọláńgidi rọ́bà ńlá tí wọ́n ń pè ní Bobo. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fẹ́ sínú rẹ̀, bí wọ́n bá tì í ṣubú, yóò tún dìde. Àgbà yìí fi òòlù onígi lù ú lórí, ó jókòó lé e, ó ta á nípàá, ó sì ń sọ àwọn ọ̀rọ̀ kan bó ṣe ń lù ú. Àwọn 24 mìíràn rí àgbà tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń ṣe nǹkan tirẹ̀, tí kò fọwọ́ kan Bobo. Àwọn 24 tó kù kò rí ẹnì kankan.

Lẹ́yìn náà, wọ́n mú ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ sí yàrá tí Bobo wà. Àwọn tó rí àgbà oníjà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ó ti ṣe, gẹ́lẹ́ bí ó ti ṣe. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n ṣe é, kò sẹ́ni tó ṣèlérí ẹ̀bùn fún wọn. Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ èdè ni ó yẹ kí a fi etí sí apá kan nínú rẹ̀: kì í ṣe ìṣe ọwọ́ nìkan ni àwọn ọmọ náà tún ṣe, wọ́n tún àwọn ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà náà sọ pẹ̀lú.

Ìdánwò kejì, tí Bandura gbé jáde ní ọdún 1965, ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọ 66 ni wọ́n fi fíìmù hàn. Ẹnì kan ń lu Bobo nínú fíìmù náà, ṣùgbọ́n ìparí rẹ̀ jẹ́ oríṣi mẹ́ta. Àwọn ọmọ kan rí i pé wọ́n yin ẹni náà, wọ́n fún un ní ohun jíjẹ àti ohun mímu. Àwọn kan rí i pé wọ́n bá a wí, wọ́n sì nà án. Àwọn kan kò rí ẹ̀san rere, wọn kò rí ìyà. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n ṣeré, àwọn tó rí ìyà kò fara wé e tó àwọn yòókù. Ibí ni ènìyàn ìbá dúró sí, kí ó sọ pé ìyà ti ṣiṣẹ́, ọmọ kò kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Bandura kò dúró níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n sọ fún àwọn ọmọ náà pé ẹni tó bá lè ṣe ohun tó rí nínú fíìmù yóò gba omi èso àti àwòrán tí wọ́n ń lẹ̀. Ẹ wò ó, gbogbo wọn ló ṣe é, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá! Àwọn tó rí ìyà pàápàá ti kọ́ ọ, ó wà lórí wọn. Wọ́n kàn fi pa mọ́ ni.

Kíkọ́ nǹkan yàtọ̀ sí ṣíṣe é ní gbangba. Ní ọdún 1965 kan náà ni Chomsky tẹ ìwé jáde tó ti fi ìyàtọ̀ sáàárín compétence àti performance tí a ń gbọ́ nínú amphi láti ọdún kìíní. Ọ̀nà àwọn méjèèjì kò pa pọ̀, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ wọn jọra: má ṣe fi ohun tó jáde lẹ́nu ọmọ nìkan wọn ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò sọ pé, "Ọ̀rẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè ni ọ́, ṣé o ti gbàgbé pé ọmọ kì í fi àfarawé kọ́ èdè?" N kò gbàgbé. Ní ọdún 1959, Chomsky ṣe àyẹ̀wò ìwé Skinner tó jáde ní ọdún 1957, ó sì fi hàn pé àfarawé àti ẹ̀san nìkan kò lè ṣàlàyé bí ọmọ ṣe ń gbọ́ èdè. Ọmọ Faransé kékeré máa ń sọ pé « vous disez ». Lẹ́nu àgbà wo ló ti gbọ́ ọ? Òfin ló fà yọ fúnra rẹ̀, ó sì fi òfin náà ṣiṣẹ́ níbi tí kò yẹ. Bandura fúnra rẹ̀ gbà pé ẹni tó ń wo àwòkọ́ṣe lè fa òfin yọ nínú ohun tó rí, kì í ṣe pé kí ó kàn máa ṣe bí ayékòótọ́.

Ṣùgbọ́n gírámà kọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú èdè. Èdè wo ni mo máa sọ sí olùkọ́? Èwo ni mo máa sọ sí ìyá àgbà? Nígbà wo ni mo gbọ́dọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀? Èdè wo ló ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn bọ̀wọ̀ fún mi, èwo ló ń jẹ́ kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín? A kì í bí èyí mọ́ ọmọ. Ohun tí Dell Hymes pe àfiyèsí wa sí nìyẹn ní ọdún 1972 nígbà tó ń sọ̀rọ̀ nípa mímọ ìgbà àti ibi tí ọ̀rọ̀ yẹ. Ìmọ̀ yìí, ojú ni ọmọ fi ń kó o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò kọ́ gírámà Yorùbá lọ́dọ̀ mi. Ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ mi ni pé bí àlejò pàtàkì bá dé, kí ènìyàn sọ Yorùbá kalẹ̀, kí ó gbé Faransé wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ìdérí agolo yẹn. Àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n, signal ni wọ́n ń pè é. Nígbà ìjọba Faransé ní Dahomey, ọmọ tí wọ́n bá gbọ́ èdè abínibí lẹ́nu rẹ̀ ní ilé-ìwé, wọn yóò gbé nǹkan kan tí kò níyì kọ́ ọ lọ́rùn: pákó, egungun tàbí ohunkóhun tí ọwọ́ bá tẹ̀. Yóò gbé e kiri títí yóò fi gbọ́ èdè abínibí lẹ́nu ẹlòmíràn, kí ó tó gbé e fún onítọ̀hún. Ẹni tí ó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ni yóò jẹ ìyà. Kì í ṣe nítorí tiwa ni wọ́n dá a sílẹ̀ o. Wọ́n ti lò ó ní ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀ fún àwọn ọmọ Bretagne tó ń sọ èdè ìyá wọn. Symbole ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Dahomey gba òmìnira ní ọdún 1960, ó di Benin ní ọdún 1975. Ọdún 1975 yẹn náà ni ìjọba ṣèlérí École Nouvelle tí àwọn èdè ilẹ̀ wa yóò ráyè wọ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1990, ní abala 11, fún gbogbo ẹ̀yà ní òmìnira láti lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ. Síbẹ̀, òfin dé orí ìwé, kò dé abẹ́ igi máńgòrò.

Kí ni signal ń kọ́ ọmọ? Ẹ fi ojú Bandura wò ó. Ká ní ọmọ 50 wà nínú kíláàsì. Ọ̀kan ni wọ́n fi kọ́ lọ́rùn, 49 ló ń wò ó. Àwọn 49 yìí ni ẹ̀kọ́ náà wà fún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: a kò fi kọ́ ọ lọ́rùn rí, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń dè é, ó mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n fi kọ́, ó mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó tún kọ́ nǹkan mìíràn tí kò sí nínú ètò ẹ̀kọ́ kankan: kí ènìyàn máa ṣọ́ ẹnu ẹnì kejì rẹ̀. Ẹ̀kọ́ Faransé rẹ̀ kò tíì lọ jìnnà, « Silence! » àti « Croisez les bras ! » ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìtìjú ti wọ̀ ọ́ lára.

Bákan náà, ìdánwò ọdún 1965 ló fún mi ní ìrètí. Bí ìyà bá lè mú kí ọmọ fi ohun tó mọ̀ pa mọ́, kò lè pa ohun náà run nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bí ẹ̀san bá dé, yóò yọ. Yorùbá tí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọ Pọ́bẹ̀, ọmọ Ṣákété gbé wọ ilé-ìwé kò tíì sá lọ. Ó ń dúró de ẹni tí yóò fi hàn án pé ó níyì. Ṣùgbọ́n kò ní í dúró títí láé. Bandura ní kí ènìyàn tó lè ṣe ohun tó rí, nǹkan mẹ́rin gbọ́dọ̀ pé: kí ó fiyè sí i, kí ó fi pa mọ́ sọ́kàn, kí ara rẹ̀ lè ṣe é, kí ó sì ní ìdí tó fi fẹ́ ṣe é. Ọmọ tó bá fi èdè pa mọ́ pẹ́ tí kò rí ìdí kankan láti lò ó, nígbà tí òun náà bá bímọ, kí ni ọmọ tirẹ̀ máa rí wò?

Nǹkan mẹ́rin yìí tún jẹ́ kí n rí ohun tó ń bàjẹ́ nínú ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Olùkọ́ dúró níwájú pátákó, ó ń yọ 17 kúrò nínú 52. Ọmọ CI tàbí CP ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó rí i pé ó kọ 5, ó rí i pé ó kọ 3. Ṣùgbọ́n ìṣirò kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ orí ni. Ọmọ kò lè rí orí olùkọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó fi lè rí i ni kí olùkọ́ ro èrò rẹ̀ síta, kí ó máa sọ ohun tó ń ṣe bó ṣe ń ṣe é. Bí èdè tó fi ń sọ ọ́ kò bá yé ọmọ, ìdajì àwòkọ́ṣe ló rí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi ń ké ìdáhùn ní àkékẹ́yìn olùkọ́ bí orin, tí wọn kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n fara wé ohun tí wọ́n rí. Ẹ̀bi wọn kọ́.

Bí olùkọ́ bá ní: "Méjì kò tó méje yọ. Mo yá mẹ́wàá lọ́wọ́ àádọ́ta, méjì di méjìlá. Mo yọ méje nínú méjìlá, ó ku márùn-ún. Àádọ́ta ti di ogójì. Mo yọ mẹ́wàá níbẹ̀, ó ku ọgbọ̀n. Ọgbọ̀n àti márùn-ún jẹ́ márùndínlógójì", orí olùkọ́ ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà kí ó tún un sọ ní Faransé, ọmọ yóò mọ ohun tí Faransé náà ń sọ. Ẹ sì wo ẹ̀tàdínlógún fúnra rẹ̀: ẹ̀ta dín ní ogún. Ọmọ tó ń ka owó lọ́jà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ti ń gbé ìyọkúrò sẹ́nu kí ó tó rí pátákó. A gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì, a wá ní ìṣirò le fún un.

Kì í ṣe olùkọ́ nìkan ni ọmọ ń wò. Ní ọdún 1985, Schunk àti Hanson mú àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá tí ìyọkúrò ń dà láàmú. Wọ́n jẹ́ kí àwọn kan wo ọmọ ẹgbẹ́ wọn tó ń kọ́ ọ, kí àwọn kan wo olùkọ́, àwọn kan kò sì wo ẹnikẹ́ni. Àwọn tó wo ẹgbẹ́ wọn ló gbàgbọ́ jù pé àwọn lè ṣe é, wọ́n sì ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ. Ó yé mi. Bí mo bá rí olùkọ́ tó ṣe é, mo lè sọ pé olùkọ́ ni, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Bí mo bá rí ọmọ tí a jọ ń jẹ máńgòrò tó ṣe é, àwáwí mi ti tán.

Àwọn baba wa mọ ọgbọ́n yìí pẹ́. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ kì í kọ́kọ́ gba ìwé. Yóò gbálẹ̀, yóò jókòó ti ọ̀gá, yóò máa wo ọwọ́ rẹ̀. Wọn yóò fún un ní ihò bọ́tìnnì kí ó rán, lẹ́yìn náà etí aṣọ, títí wọn yóò fi fún un ní àrán odindi. Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, èdè tó yé ọmọ ló sì ń sọ. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà ńkọ́, tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé? Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, wọn yóò fi orin tú àṣírí oníwà ìbàjẹ́ ní ojú ọjà, ọmọdé wà níbẹ̀, wọ́n ń wo ohun tó ń dé bá ẹni tó ṣe ibi. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: ìtìjú gbangba kan náà ni signal fi ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni. Ohun èlò kan náà ni. Ṣùgbọ́n Ẹ̀fẹ̀ ń dójú ti ẹni tó ba ìlú jẹ́, signal ń dójú ti ọmọ nítorí pé ó fi èdè ìyá rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ lọ tọ̀.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé Bandura ni mo sọ di òrìṣà. Wọ́n ti bu ẹnu àtẹ́ lu ìdánwò rẹ̀. Àwọn kan ní ohun tí wọ́n ṣe Bobo fún náà ni pé kí ọmọ máa lù ú, wọ́n ní àwọn ọmọ lè ti rò pé ohun tí àwọn àgbà ń retí nìyẹn. Ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ni àwọn ọmọ ìdánwò ọdún 1961 ti wá, wọn kì í ṣe ọmọ gbogbo ayé. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó wo ọmọdé tó ń ṣeré ilé-ìwé kò nílò Bobo kí ó tó gbà pé ojú ọmọ kì í sùn.

Ọ̀rọ̀ kan tó wúwo jù wà tí mo gbọ́dọ̀ dáhùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fúnra rẹ̀ sọ ọ́ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ní, "Ìwọ rí Faransé kọ́, o dé Kalaví. Ṣé o fẹ́ kí ọmọ tèmi jókòó síhìn-ín ni?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí, nítorí òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Faransé ni wọ́n fi ń ṣe CEP, Faransé ni wọ́n fi ń gba iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ẹni tó ti jẹun yó kò gbọdọ̀ máa wàásù ààwẹ̀ fún ẹni tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n n kò sọ pé kí wọ́n má kọ́ ọmọ ní Faransé. Ohun tí mo sọ ni pé kí wọ́n kọ́ ọ dáadáa, kí wọ́n má sì fi ìtìjú ṣe owó rẹ̀.

Ẹ rántí iṣẹ́ tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀, láti ọwọ́ olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú. Àwọn ọmọ yìí kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Ẹ kíyè sí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì yẹn. Àwòkọ́ṣe rere fún èdè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fún ọmọ. Lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń fún ọmọ ní Faransé tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù, a sì ń gba Yorùbá tí olùkọ́ mọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó bá yá, ọmọ á pàdánù méjèèjì.

Ẹ̀bi ta ni? Ó rọrùn láti sọ pé ẹ̀bi ìjọba ni, tàbí ti amúnisìn. Ẹ jẹ́ kí a wo inú ilé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwa ni a ń kọ mémoire lórí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ èdè Ifẹ̀ ti Atakpamé, tí a ń gbèjà rẹ̀ ní Faransé láìsí gbólóhùn Ifẹ̀ kan ju àwọn àpẹẹrẹ inú tábìlì lọ. Àwa ni a ń pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fakọ́tì, ọmọ Ìdáàṣà àti ọmọ Àjàṣẹ́, tí a ń sọ pé « Ça va ? » A ń ṣe èdè náà bí ẹni ń ṣe òkú, a là á, a ka egungun rẹ̀, a kọ nọ́ńbà sí i lára. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò di olùkọ́. Irú àwòkọ́ṣe wo ni a máa jẹ́?

Ohun tí mo ń dábàá kò gba owó, kò sì gba àṣẹ mínísítà.

Èkíní, ẹni tó bá lọ ṣe ìdánrawò olùkọ́ ní abúlé, kí ó ro èrò rẹ̀ síta ní èdè tó yé ọmọ kí ó tó sọ ọ́ ní Faransé. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Èkejì, kí a máa pe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ nǹkan sí pátákó, kì í ṣe ẹni tó mọ̀ ọ́n jù nígbà gbogbo. Kí ó fi han ẹgbẹ́ rẹ̀ ní èdè tó bá wù ú.

Ẹ̀kẹta, bí a bá rí signal lọ́rùn ọmọ, ìdérí ni o, pákó ni o, kí a fi ọ̀wọ̀ bá olùkọ́ náà sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀. Kí a má ṣe dójú tì í níwájú àwọn ọmọ, nítorí àwọn ọmọ ń wo ìyẹn náà.

Ẹ̀kẹrin, ní ẹ̀ka wa níbí, kí a ya ìpàdé kan sọ́tọ̀ lóṣù tí ẹnì kan yóò fi Yorùbá sọ ohun tó ń ṣe ìwádìí lé lórí. A ó kọsẹ̀. A ó wá ọ̀rọ̀ tì. Kò burú. Ẹni tó ń wò wá yóò rí bí ènìyàn ṣe ń wá ọ̀rọ̀ nínú èdè rẹ̀, yóò mọ̀ pé wíwá ọ̀rọ̀ kì í ṣe ìtìjú.

Ní ọjọ́ kejì tí mo fẹ́ padà sí Kalaví, ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, gun alùpùpù wá kí mi nílé. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Faransé gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Mo fi Yorùbá kí i, mo béèrè àwọn ará ilé. Ó yà á lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín, ó wá fi ti Ṣábẹ̀ẹ́ dá mi lóhùn, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè báyìí lọ́dọ̀ wọn tí a ń pè lọ́nà mìíràn ní Kétu. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹ̀yìn ti òpó. Kò sọ nǹkan kan. Ó ń wò wá.